Ìyá tó ṣírò ọ̀nà òfurufú: bí àwọn ará ilé rẹ̀ ṣe mọ̀ ọ́n

Ọ̀rọ̀ tí mo gbé wá lónìí, ìdí tábìlì oúnjẹ nílé mi ló ti bẹ̀rẹ̀.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, ọmọ mi obìnrin gbé fọ́ọ̀mù kan dé láti ilé-ìwé, ó ní kí n fọwọ́ sí i. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni. Ohun tí wọ́n kọ síbẹ̀ ni pé àwọn fẹ́ yọ ọ́ kúrò ní kíláàsì ìṣirò tó wà, kí àwọn gbé e lọ sí èyí tó rọrùn díẹ̀. Wọ́n ní kí ọkàn rẹ̀ lè balẹ̀ ni. Wọn ò bú u, ọ̀rọ̀ tútù ni wọ́n kọ. Èmi náà ṣẹ̀ṣẹ̀ ti ibi iṣẹ́ dé ni, ó ti rẹ̀ mí, oúnjẹ ni mo ń wá. Mo ti mú bírò lọ́wọ́.

Mo wá wo ojú ọmọ náà. Kò sọ nǹkan kan. Ilẹ̀ ló ń wò, ètè rẹ̀ sì ń mì díẹ̀díẹ̀. Mo bi í pé kí ló ń sọ. Ó ní òun ò sọ nǹkan kan, táìlì ilẹ̀ lòun ń kà. Bó ṣe máa ń ṣe nìyẹn tí nǹkan bá ń dùn ún, á máa ka nǹkan.

Ohun tó jẹ́ kí n gbé bírò sílẹ̀ nìyẹn. Ìdí ni pé lọ́sẹ̀ yẹn gan-an ni mo ka ìwé kan tán, ìtàn ọmọbìnrin mìíràn tí òun náà ń ka gbogbo nǹkan tó bá rí. Ó ń ka ìṣísẹ̀ rẹ̀ láti ilé dé títì. Ó ń ka àtẹ̀gùn ṣọ́ọ̀ṣì. Tó bá ń fọ abọ́, á ka abọ́, á ka ṣíbí. Ọmọbìnrin náà ni Katherine Johnson, ìyá aláwọ̀ dúdú tó ṣírò ọ̀nà tí ọkọ̀ àwọn ará Amẹ́ríkà gbà lọ sí òfurufú tó sì gbà padà wálé.

Ọ̀pọ̀ nínú wa ló mọ orúkọ yìí látinú fíìmù Hidden Figures tó jáde lọ́dún 2016. Ṣùgbọ́n ìwé tí mo sọ yìí, My Remarkable Journey, àwọn ọmọ rẹ̀ obìnrin méjì, Joylette Hylick àti Katherine Moore, wà lára àwọn tó bá a kọ ọ́. Ọdún 2021 ló jáde, lẹ́yìn tí màmá ti papòdà. Ohun tó sì wọ̀ mí lára nínú ìtàn ìyá yìí ju ti rọ́kẹ́ẹ̀tì lọ ni ti àwọn ará ilé. Tí ẹ bá fi ojú ẹbí wo ìtàn náà, ẹ ó rí i pé ìyá yìí ò dá gun òkè yẹn. Bàbá wà níbẹ̀, ìyá wà níbẹ̀, àna wà níbẹ̀, àwọn ọmọ náà wà níbẹ̀.

Bàbá tó ń ka pákó lára igi

Ọjọ́ kẹrindínlọ́gbọ̀n oṣù kẹjọ ọdún 1918 ni wọ́n bí Katherine Coleman sí ìlú kékeré kan tó ń jẹ́ White Sulphur Springs, ní ìpínlẹ̀ West Virginia. Ọmọ mẹ́rin ni àwọn òbí rẹ̀ bí, òun sì ni àbíkẹ́yìn. Joylette ìyá rẹ̀ ti ṣe tíṣà rí. Joshua bàbá rẹ̀ ń dáko, ó ń ṣiṣẹ́ igi, ó sì tún ń ṣiṣẹ́ ní hòtẹ́ẹ̀lì ńlá kan tí wọ́n ń pè ní Greenbrier. Bàbá náà ò kàwé kọjá kíláàsì kẹfà. Ṣùgbọ́n bó bá wo igi lórí ìdúró, á sọ iye pákó tí wọ́n máa rí là nínú rẹ̀ fún yín. Títí Katherine fi darúgbó ló ń sọ pé ọ̀dọ̀ bàbá òun ni òun ti jogún ìṣirò.

Nígbà tí mo ka ibẹ̀, ìyá mi ló wá sí mi lọ́kàn. Ẹlùbọ́ ni màmá ń tà n'Ìbàdàn. Ìwé mẹ́fà ni wọ́n kà. Tí wọ́n bá já àpò ẹlùbọ́ sílẹ̀, màmá á fọwọ́ gbá a lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọ́n á ní kóńgò báyìí báyìí ló wà níbẹ̀. Ẹ wọ̀n ọ́n títí, kò ní tàsé. Kò sí ẹni tó pe ìyá mi ní onímọ̀ ìṣirò rí. Èmi ọmọ wọn gan-an, mo ti gba oyè kejì nínú iṣẹ́ ẹnjiníà nílẹ̀ yìí kí n tó mọ̀ pé ìṣirò ni màmá ń ṣe lọ́jà lójoojúmọ́.

Ẹ jẹ́ ká padà sí West Virginia. Láyé ìgbà yẹn, tí ọmọ aláwọ̀ dúdú bá ti ka kíláàsì kẹjọ tán ní àdúgbò wọn, ó parí nìyẹn. Kò sí ilé-ìwé girama fún wọn. Kí ni Joshua àti ìyàwó rẹ̀ ṣe? Wọ́n wá ibi tí ilé-ìwé wà. Ìlú Institute ni, nínú ìpínlẹ̀ yẹn kan náà, ó tó nǹkan bí ọgọ́fà máìlì sílé wọn. Ìyá kó àwọn ọmọ lọ síbẹ̀, bàbá dúró sẹ́yìn níbi tí iṣẹ́ oúnjẹ òòjọ́ wà. Tí wọ́n bá gba ìsinmi, wọ́n á padà wálé. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ta ni nínú wa tí kò mọ irú ìgbé ayé bẹ́ẹ̀? Ọkọ wà níbì kan, ìyàwó àti ọmọ wà níbòmíràn, nítorí ẹ̀kọ́ ọmọ. A máa ń rò pé àwa aṣíkiri nìkan ló ń jẹ irú ìyà yẹn.

Gbogbo àwọn ọmọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì. Ọmọ ọdún mẹ́wàá ni Katherine nígbà tó wọ ilé-ìwé girama, ó sì parí ní mẹ́rìnlá. Ní 1937, lọ́mọ ọdún méjìdínlógún, ó gboyè nínú ìṣirò àti èdè Faransé ní West Virginia State College. Olùkọ́ kan wà níbẹ̀, W. W. Schieffelin Claytor, tó jẹ́ ẹnì kẹta láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà tó gba oyè ọ̀mọ̀wé nínú ìṣirò. Olùkọ́ yìí wo ọmọ náà, ó ní yóò wúlò fún iṣẹ́ ìwádìí. Nígbà tí Katherine ka gbogbo ìṣirò tó wà níbẹ̀ tán, Claytor dá kọ́ọ̀sì tuntun sílẹ̀ nítorí rẹ̀, jíómẹ́tírì tó dá lórí ohun tó wà nínú òfurufú. Ẹnì kan ṣoṣo ló wà ní kíláàsì náà.

Ìròyìn láti òde ìgbéyàwó

Ẹni tó bá gbọ́ èyí á rò pé ó gba ibẹ̀ lọ tààrà sí ibi rọ́kẹ́ẹ̀tì. Rárá o. Iṣẹ́ tíṣà ló bẹ̀rẹ̀. Ó fẹ́ James Goble ní 1939. Lákòókò yẹn kan náà ni ìpínlẹ̀ West Virginia rọra ṣílẹ̀kùn yunifásítì ńlá wọn fún aláwọ̀ dúdú, Katherine sì wà lára àwọn mẹ́ta àkọ́kọ́ tí wọ́n yàn. Ó wọlé, ṣùgbọ́n kò pẹ́ tó fi kúrò kó lè tọ́ ọmọ. Ọmọbìnrin mẹ́ta ló bí, Joylette, Constance àti Katherine. Ó lé lọ́dún mẹ́wàá tó fi ń ṣe ìyá ilé àti tíṣà. Tí wọ́n bá bi ẹ̀yin àti èmi nígbà yẹn, a ó ní ìrètí ti pin, ẹni tó bá ti fi ẹ̀kọ́ gíga sílẹ̀ kì í padà síbẹ̀.

Ní 1952, wọ́n lọ síbi ìgbéyàwó kan nínú ẹbí ọkọ rẹ̀. Níbẹ̀ ni àna rẹ̀ kan ti sọ fún wọn pé ilé iṣẹ́ ìjọba kan ní Langley, ní Hampton, ìpínlẹ̀ Virginia, ń gba àwọn obìnrin aláwọ̀ dúdú tó mọ ìṣirò. Ẹ má fojú kéré òde àríyá o! Ilé iṣẹ́ náà là ń pè ní NACA nígbà náà. Ní 1958 ló di NASA. Tọkọtaya náà kó ọmọ, wọ́n kó ẹrù, wọ́n lọ sí Newport News. Ní 1953 Katherine bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Ó ti ń lọ sí ọmọ ọdún márùndínlógójì.

Ẹ wá gbọ́ orúkọ iṣẹ́ wọn. Kọ̀ǹpútà ni wọ́n ń pe àwọn obìnrin náà. Kí ẹ̀rọ tó gba orúkọ yẹn, ènìyàn ló ń jẹ́ ẹ. Yàrá àwọn aláwọ̀ dúdú yàtọ̀, tábìlì ìjẹun wọn yàtọ̀, ilé ìyàgbẹ́ wọn yàtọ̀. Dorothy Vaughan ni ọ̀gá yàrá wọn. Ọ̀sẹ̀ méjì péré ni Katherine lò níbẹ̀ tí wọ́n fi yá a lọ sọ́dọ̀ àwọn ẹnjiníà tó ń ṣèwádìí bàálù. Wọn ò dá a padà mọ́.

Ìyá tí kò fẹ́ kí wọ́n ṣàánú ọmọ òun

Ibi tó dá mi dúró jù lọ nìyí. James Goble ṣàìsàn, kókó hù nínú ọpọlọ rẹ̀. Ní oṣù kejìlá ọdún 1956 ó kú. Obìnrin náà di opó pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta tí wọ́n ṣì wà nílé-ìwé.

Nígbà tí ọdún tuntun wọlé, Katherine mú àwọn ọmọ náà lọ sílé-ìwé, ó sì lọ rí ọ̀gá àgbà. Ẹ̀yin òbí, kí ni ẹ ó sọ ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀? Èmi á bẹ̀ wọ́n ni, máa ní kí wọ́n jọ̀ọ́ fara balẹ̀ fún wọn, bàbá wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ kú ni. Ohun tí òun sọ yàtọ̀. Ó ní kí wọ́n má ṣe fi ọwọ́ ẹ̀rọ̀ mú wọn rárá, kí wọ́n má dín iṣẹ́ wọn kù. Ó ní àwọn ọmọ òun ń lọ sí kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì gbọ́dọ̀ múra sílẹ̀. Nílé náà, ó pín iṣẹ́ fún wọn: aṣọ tí òun máa wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, kí wọ́n lọ̀ ọ́, oúnjẹ alẹ́, kó ti délẹ̀ kí òun tó dé. Òun fúnra rẹ̀ padà sídìí ìṣirò.

Ẹnì kan lè ní ìyá náà le. Èmi ò rí i bẹ́ẹ̀. Oríṣi àánú kan wà tó máa ń gba àga lábẹ́ ọmọ. Kò ní í bú ọmọ, kò ní í lù ú, yóò kàn rọra gbé e kúrò níbi tó lè dé, yóò sì ní kó máa rẹ́rìn-ín. Opó yìí mọ̀ pé bí àwọn tíṣà bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàánú ọmọ òun báyẹn, ẹnì kan kò ní í padà wá dá ohun tí wọ́n pàdánù fún wọn. Fọ́ọ̀mù tó wà níwájú mi lórí tábìlì, àánú ló wà nínú rẹ̀.

Ní 1959 ó fẹ́ James Johnson, ọmọ ogun. Láti ìgbà náà ló ti ń jẹ́ Katherine G. Johnson. Ẹ ṣàkíyèsí lẹ́tà G yẹn. Goble ni, orúkọ bàbá àwọn ọmọ rẹ̀. Kò jẹ́ kó parẹ́.

Láti ibi tó máa balẹ̀ sí

Ẹ jẹ́ kí n fi ojú ẹnjiníà ṣàlàyé iṣẹ́ rẹ̀ díẹ̀, nítorí àwọn ènìyàn kàn máa ń ní ó mọ ìṣirò, wọn ò ní í sọ ìṣirò wo. Tí ọmọdé bá ju òkúta, òkúta á lọ sókè, á tẹ̀ bí ọrun ọdẹ, á sì bọ́ sílẹ̀ níwájú. Irú èyí ni ìrìn Alan Shepard, ará Amẹ́ríkà àkọ́kọ́ tó dé òfurufú, lọ́jọ́ karùn-ún oṣù karùn-ún ọdún 1961. Katherine bá wọn ṣírò ọ̀nà náà. Ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún péré ni.

Ṣùgbọ́n kí ènìyàn yí ayé po, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn. Bí ọkọ̀ ṣe ń yí lókè ni ayé fúnra rẹ̀ ń yí nísàlẹ̀. Ayé náà ò sì rí róbótó tán, ó fẹjú díẹ̀ láàárín. Ọkọ̀ náà gbọ́dọ̀ bọ́ sínú òkun níbi tí àwọn ọkọ̀ ojú omi ti ń dúró dè é. Ohun tí Katherine sọ fún àwọn ẹnjiníà ni pé kí wọ́n sọ ibi tí wọ́n fẹ́ kó balẹ̀ sí fún òun, òun á ṣírò rẹ̀ padà sẹ́yìn, òun á sì sọ ibi tí wọ́n ti máa tú u sókè àti apá ibi tó máa dojú kọ. Ní 1960 òun àti ẹnjiníà kan, Ted Skopinski, kọ ọ́ sínú ìwé ìwádìí. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí orúkọ obìnrin máa wà lára àwọn tó kọ ìwé ní ẹ̀ka wọn.

Nígbà tó kan John Glenn ní 1962, ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà IBM ti dé. Ẹ̀rọ náà ló ṣírò ọ̀nà rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ̀mí Glenn ló wà nínú agolo irin yẹn. Ó ní kí wọ́n fún ọmọbìnrin yẹn ní nọ́ńbà náà kó yẹ̀ ẹ́ wò, bó bá ní ó dára, òun ti ṣetán. Ọmọbìnrin tó ń wí ti pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógójì, ó sì ti bímọ mẹ́ta. Katherine jókòó ti ẹ̀rọ ìṣirò orí tábìlì rẹ̀, ó tẹ̀ ẹ́ ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan fún nǹkan bí ọjọ́ kan ààbọ̀. Nọ́ńbà tirẹ̀ àti ti ẹ̀rọ dọ́gba. Ní ogúnjọ́ oṣù kejì, Glenn yí ayé po lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì délé láyọ̀.

Ohun tí wọ́n rí nílé

Kí wá ni àwọn ọmọ ń rí ní gbogbo àkókò yìí? Ìyá wọn ni wọ́n ń rí. Ìyá tó ń rán aṣọ fún wọn, tó ń ta dùùrù, tó ń ta káàdì bridge pẹ̀lú àwọn ọ̀rẹ́, tó wà nínú ẹgbẹ́ akọrin ṣọ́ọ̀ṣì fún àádọ́ta ọdún. Wọ́n mọ ibi tó ń ṣiṣẹ́. Bí iṣẹ́ náà ṣe tóbi tó, wọ́n dàgbà kó tó yé wọn tán. Kò sí ẹni tó ń sọ̀rọ̀ iṣẹ́ ìjọba bẹ́ẹ̀ nídìí ọbẹ̀, òun náà ò sì kà á sí bàbàrà. Lójú tirẹ̀, iṣẹ́ tí wọ́n gbé fún un ló ṣe.

Bákan náà ni ti fíìmù. Ẹ rántí ibi tó ti ń sáré nínú òjò lọ wá ilé ìyàgbẹ́ aláwọ̀ dúdú, tí ọ̀gá wá fi irin fọ́ pátákó náà. Kò ṣẹlẹ̀ sí i bẹ́ẹ̀. Ìyà ilé ìyàgbẹ́ yẹn, Mary Jackson, akẹgbẹ́ rẹ̀, ló jẹ ẹ́. Katherine ní tirẹ̀ ń lo èyí tó sún mọ́ ọn jù láti ìbẹ̀rẹ̀, nígbà tí wọ́n sì wá sọ fún un, kò dá wọn lóhùn. Kò sí òyìnbó kan tó fọ́ pátákó nítorí rẹ̀. Bàbá rẹ̀ ti tọ́ ọ láti kékeré pé kò sí ẹni tó sàn jù ú lọ, kò sì sí ẹni tí òun náà fi sàn jù. Ohun tó gbé wọ ibi iṣẹ́ nìyẹn.

Ó bá wọn ṣiṣẹ́ lórí ìrìnàjò òṣùpá ti 1969, ó sì fẹ̀yìn tì ní 1986. Ó pẹ́ kí ayé tó mọ̀ ọ́n. Ọmọ ọdún mẹ́tàdínlọ́gọ́rùn-ún ni nígbà tí Ààrẹ Obama fi àmì ẹ̀yẹ tó ga jù fún aráàlú kọ́ ọ lọ́rùn ní 2015. Constance ọmọ rẹ̀ ò rí ọjọ́ náà, ó ti kú ní 2010. Ní 2017, NASA fi orúkọ rẹ̀ sọ ilé kan ní Langley. Ní ọjọ́ kẹrìnlélógún oṣù kejì ọdún 2020 ló jáde láyé, ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rùn-ún.

Fọ́ọ̀mù náà ńkọ́?

Mi ò fọwọ́ sí i. Lọ́jọ́ kejì mo gbàyè níbi iṣẹ́, mo lọ sílé-ìwé, mo ní kí wọ́n jọ̀ọ́ kó ìwé ìdánwò ọmọ mi wá kí n rí i. A jọ jókòó, èmi àti tíṣà. Ẹ̀yin ará mi, ọ̀pọ̀ ìdáhùn rẹ̀ ló tọ̀nà! Ohun tó fà á tí kò fi rí máàkì gbà ni pé kì í kọ bó ṣe ṣe é. Orí ló fi ń ṣe é, bíi ti ìyá mi pẹ̀lú àpò ẹlùbọ́. Tíṣà náà rò pé ó ń méfò ni. Kì í ṣe ènìyàn burúkú, ohun tó rí ló fi ṣèdájọ́. A fẹnu kò pé kó ṣì dúró ní kíláàsì náà.

Nílé, mo ní kí ọmọ náà jókòó. Mo sọ fún un pé Katherine Johnson mọ ọ̀nà òfurufú lórí, síbẹ̀ ojú ìwé lórí ojú ìwé ló fi kọ ọ́ sílẹ̀, torí pé ẹlòmíràn ló máa fi ẹ̀mí rẹ̀ wọ ọkọ̀ náà. Ẹni tí kò bá kọ ìṣísẹ̀ rẹ̀ sílẹ̀, báwo la ṣe máa gbẹ́kẹ̀ lé e? Ó dákẹ́. Lẹ́yìn náà ló bi mí léèrè pé, "Daddy, kí tiẹ̀ ni ẹ máa ń ṣe níbi iṣẹ́ yín?" Ọdún mẹ́tàlá rèé tí mo ti ń gbé oúnjẹ iṣẹ́ yẹn fún un jẹ! Ojú tì mí. Lọ́jọ́ Sátidé mo gbé e lọ síbi gọ́tà ńlá kan tí mo bá wọn ṣírò, mo fi hàn án bí omi ṣe ń gbabẹ̀ tí òjò bá rọ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka irin ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Mi ò ní pa irọ́ fún yín, nǹkan ò tíì rọ̀ tán. Ìdánwò àkọ́kọ́ lẹ́yìn náà kò dára. Èkejì sàn díẹ̀. Ó máa ń sunkún nígbà mìíràn, ìyá rẹ̀ á sì máa wò mí bí ẹni pé èmi ni mo dá ìṣirò sílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà ní kíláàsì rẹ̀.

Nítorí náà, ẹ̀yin òbí, ohun tí mo fẹ́ bẹ̀ yín kò pọ̀. Ẹ má fi oorun ojú fọwọ́ sí fọ́ọ̀mù. Ẹ bi wọ́n léèrè, ẹ ní kí wọ́n fi ìwé ọmọ yín hàn yín. Ẹ sọ iṣẹ́ yín fún àwọn ọmọ, ì báà ṣe takisí, ì báà ṣe ìtọ́jú arúgbó, ìṣirò wà nínú gbogbo rẹ̀. Tí ẹ bá sì rí ọmọ tó ń ka táìlì ilẹ̀, ẹ má ní kó ṣíwọ́. Ẹ bi í pé mélòó ló kà.

Mo bi tèmi. Ó ní mẹ́rìnlélọ́gọ́sàn-án. Mo bẹ̀rẹ̀, mo kà á, kò fi ẹyọ kan tàsé.

Ọlọ́run á bá wa wo àwọn ọmọ. Ó dìgbà kan ná o.